Oúnjẹ Bróílà Tó Ń Dípẹtà: Ewé àti Èròjà Ilé Tó Lè Gbà Wá Lọ́wọ́ Òfò

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin bróílà ní Òkè-Oyì, ní Ìpọnrin àti ní gbogbo abúlé tó yí Ìlọrin ká ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń po oúnjẹ adìẹ yín fúnra yín nítorí pé ti inú àpò ilé iṣẹ́ ti wọ́n jù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí mo fojú ara mi rí. Àgbẹ̀ kan ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo adìẹ òun. Igba bróílà ni, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ó ti tó bí ogún tó wà nílẹ̀. Àwọn kan dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ wọn nà gbọọrọ, ìka ẹsẹ̀ wọn sì ká kò. Àwọn mìíràn ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni tó mutí yó, wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn, orí wọn yí sẹ́yìn. "Lúkúlúkú ni," ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹni tó ni wọ́n nìyẹn. Aládùúgbò rẹ̀ ní rárá, ó ní ẹnì kan ló da nǹkan sínú omi wọn. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó jọ ń gbé.

Ṣùgbọ́n adìẹ wọ̀nyí kò wúkọ́. Ìgbẹ́ wọn kò ní àwọ̀ ewé. Wọ́n ti gba àjẹsára lọ́jọ́ tó yẹ. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn tó ti ṣubú pàápàá ṣì ń nawọ́ ọrùn sí oúnjẹ. Mo ní kí wọ́n gbé àpò oúnjẹ wá kí n wò ó. Bí a ti tú u, òórùn tó jáde dà bí ti epo dídín tó ti pẹ́ nínú páànù. Mo tọ́ díẹ̀ wò ní ahọ́n, ó korò, ó sì ń ta mí ní ọ̀fun. Àgbẹ̀ yìí ti po oúnjẹ náà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, ó kó o sínú yàrá onípáànù tí kò ní fèrèsé. Èérí ìrẹsì pọ̀ nínú rẹ̀. Ó sì ti ra epo tí àwọn alákàrà ti dín nǹkan lọ́pọ̀ ìgbà, ó dà á sí i kí oúnjẹ má bàa máa ku eruku. Ó rò pé òun ń ṣọ́ owó ná ni.

Dókítà ẹran tó bá wa ṣí orí méjì wò fi ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn orí hàn wá: ó wú, ẹ̀jẹ̀ sì tò sí i lára tóótòòtó. Oúnjẹ ló pa wọ́n. Kí a tó rí i tún ṣe, a ti sin bí ogójì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láyé. Ní ọdún 1931, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Pappenheimer àti Goettsch, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ adìẹ tí irú àìsàn yìí ń ṣe. Wọ́n rí i pé kì í ṣe àrùn tó ń ràn, pé inú oúnjẹ ni ọ̀ràn wà. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn wá fi hàn pé fítámì E ni kò tó, àti pé ọ̀rá tó ti bàjẹ́ máa ń jẹ ìwọ̀nba tó wà nínú oúnjẹ tán kí adìẹ tó rí i lò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin ló sábà máa ń hàn.

KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ÀPÒ?

Kò sí oúnjẹ adìẹ tí kò ní ọ̀rá. Nínú 100 kílò àgbàdo, ọ̀rá tó wà níbẹ̀ kò ju bíi kílò 4 lọ. Nínú 100 kílò sóyà yíyan tí wọn kò fún epo rẹ̀, ó tó bíi kílò 18. Èérí ìrẹsì tí èèpo kò pọ̀ nínú rẹ̀, bí irú èyí tí wọ́n ń kó wá láti apá Pàtígì àti Làfíàgí, lè ní kílò 12 sí 15. Ẹja lílọ̀ ní tirẹ̀, kúlíkúlí náà ní.

Ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́, tí à ń mí símú, tó ń jẹ́ kí iná jó, tó sì ń jẹ́ kí irin dípẹtà, òun náà ló ń kọlu ọ̀rá wọ̀nyí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti irin máa ń pẹ́, ti ọ̀rá kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́. Bí ó bá ti mú ẹyọ kan, ẹyọ yẹn á ran ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn á tún ran òmíràn, gẹ́gẹ́ bí iná ìgbẹ́ lásìkò ọyẹ́. Ooru ń mú un yára. Oòrùn ń mú un yára. Páànù tó ti dípẹtà ń mú un yára. Lílọ̀ tí a ń lọ nǹkan gan-an ń mú un yára, nítorí pé odindi hóró àgbàdo ní awọ tó bò ó, ṣùgbọ́n bí a bá ti lọ̀ ọ́ tán, gbogbo ara rẹ̀ ti ṣí sí afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún yín pé ẹ tọ́jú àgbàdo ní hóró, kí ẹ máa lọ ìwọ̀n tí ẹ máa lò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹja lílọ̀ ló le jù nínú gbogbo wọn. Ọ̀rá inú ẹja máa ń gba ọ́síjìn débi pé ó ń gbóná fúnra rẹ̀, ó sì lè gbiná nínú ọkọ̀ ojú omi láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Nítorí náà ni òfin ìrìnnà ojú omi àgbáyé ṣe ní kí wọ́n po ohun tí òyìnbó ń pè ní antioxidant mọ́ ọn kí wọ́n tó kó o sọ́kọ̀.

Kí ni antioxidant yìí? Ẹ rántí bí a ṣe ń ro etí oko yíká kí iná ìgbẹ́ má bàa wọlé. Iná á dé ibẹ̀, kò ní rí nǹkan ràn mọ́, á kú. Iṣẹ́ tí antioxidant ń ṣe nìyẹn. Òun ni ọ́síjìn máa kọ́kọ́ bá pàdé, òun ló máa jìyà dípò ọ̀rá. Nítorí pé ó ń jìyà, ó máa ń tán. Fítámì E wà lára wọn, fítámì C náà wà níbẹ̀, àwọ̀ pupa inú epo pupa náà ni, àti oríṣiríṣi èròjà tó ń fún ewé àti gbòǹgbò ní àwọ̀, òórùn àti ìkorò wọn.

Àmọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn: oko tí iná ti jó tán, kò sẹ́ni tó lè ro etí rẹ̀ kó padà tutù. Oúnjẹ tó ti ń rùn, ewé kankan kò lè tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni fítámì kankan kò lè tún un ṣe.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lo ti kẹ́míkà: ethoxyquin, BHT àti BHA. Ní ọdún 2017, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù dá lílo ethoxyquin nínú oúnjẹ ẹran dúró, nítorí pé ìwádìí tó wà nílẹ̀ kò tó láti fi dá wọn lójú pé kò léwu. Ọ̀rọ̀ bí ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn tún yíjú sí ewé àti gbòǹgbò. Fún àwa tí a wà ní Òkè-Oyì, ìdí tiwa rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ewé wà lẹ́yìnkùlé.

MỌ̀RÍŃGÀ

Nínú gbogbo ewé tí a ní, òun ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ewé ìgbálẹ̀ ni àwọn kan ń pè é, àwọn Haúsá ń pè é ní zogale. Bí ó bá gbẹ, bí ìdámẹ́rin rẹ̀ jẹ́ purotéènì, ó ní fítámì E, ó ní àwọ̀ tí ara adìẹ ń sọ di fítámì A, ó sì ní àwọn èròjà mìíràn tó ń dènà ìdípẹtà.

Bí a ṣe ń gbẹ ẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe. Wọ́n á sá a sórí ọ̀dà títì, oòrùn á pá a, yóò funfun. Ohun tí ẹ ń wá nínú rẹ̀ gan-an ni oòrùn ti jẹ yẹn. Ẹ já ewé rẹ̀ láàárọ̀ lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, kí ẹ tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́rẹ́ sórí nẹ́ẹ̀tì lábẹ́ òrùlé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wọlé. Ẹ máa yí i padà. Lásìkò ọyẹ́, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ti tó. Lásìkò òjò ó lè gbà tó ọjọ́ márùn-ún, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kó má bu. Bí ewé bá ti ń run wómúwómú lọ́wọ́, tó sì ṣì tutù yọ̀yọ̀ ní àwọ̀, ó ti tó gún. Ẹ gún un, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ dà á sínú ike dúdú tàbí agolo tó ní ọmọrí. Má ṣe jẹ́ kó ju oṣù mẹ́ta lọ nílẹ̀.

Ìwọ̀n ńkọ́? Kílò 2 nínú 100 kílò oúnjẹ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Fún adìẹ tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ lè gbé e dé 5, ẹ má kọjá ibẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á rò pé bí 5 bá dára, 15 á dára jù. Rárá o. Fáíbà rẹ̀ á pọ̀ jù, oúnjẹ kò ní dà dáadáa nínú adìẹ, kò ní sanra. Kí ẹ sì yọ ìwọ̀n tí ẹ fi sí i kúrò nínú sóyà àti àgbàdo, kí àròpọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ 100.

Ẹ jẹ́ á ṣírò rẹ̀. Bróílà kan máa ń jẹ nǹkan bíi kílò 4 kó tó tó tà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje. Ọgọ́rùn-ún bróílà á jẹ 400 kílò. Kílò 2 nínú 100 túmọ̀ sí kílò 8 ewé gbígbẹ. Kílò 10 ewé tútù ló ń fún wa ní nǹkan bíi kílò 2 gbígbẹ, nítorí náà ẹ máa nílò bíi 40 kílò ewé tútù. Ẹni tó ní igi mẹ́rin lẹ́yìnkùlé kò gbọdọ̀ sọ pé òun máa fi bọ́ ẹgbẹ̀rún adìẹ. Ẹ gbìn ín sí etí ọgbà, ó ń yára hù.

Efínrín náà dára. Atalẹ̀ àti aáyù ń ṣiṣẹ́, ìdajì kílò ìyẹ̀fun ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 100 kílò ti tó. Àmọ́ ẹ wo iye tí aáyù jẹ́ ní Ọjà Ọba kí ẹ tó dáwọ́ lé e, mo ti rí ẹni tó ná ju èrè orí adìẹ lọ sórí rẹ̀. Ewúro, ẹ fi díẹ̀díẹ̀ ni, ìkorò rẹ̀ lè lé wọn kúrò nídìí oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni dóńgóyárò, èmi kì í gbani níyànjú pé kí a po ìyẹn mọ́ oúnjẹ bróílà rárá. Òdòdó ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe sóbò ní èròjà yìí púpọ̀. Bí ẹ bá ń ta sóbò nílé, gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ tí ẹ gbẹ dáadáa lè wọ inú oúnjẹ.

Àwọn olùwádìí ní yunifásítì wa lóríṣiríṣi ní Nàìjíríà ti gbé púpọ̀ nínú ewé wọ̀nyí yẹ̀ wò lára bróílà. Èsì kì í ṣe ọ̀kan náà. Nígbà mìíràn adìẹ á wọ̀n díẹ̀ sí i, nígbà mìíràn kò ní sí ìyàtọ̀, nígbà tí ewé bá sì pọ̀ jù wọ́n á fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá wá tà yín ní ìyẹ̀fun kan tó ní ó ń wo gbogbo àrùn adìẹ, ẹ bi í pé mélòó ni ó fi dán an wò.

Epo pupa ńkọ́? Tuntun, tó pupa dáadáa, tí kò tíì rí iná, kílò 1 sí 2 nínú 100 kílò dára gan-an. Ó ń fún wọn lágbára, ó ń pa eruku, fítámì E sì wà nínú rẹ̀. Epo tí a ti fi dín àkàrà tàbí pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, ẹ gbàgbé rẹ̀. Iná ti jẹ gbogbo adènà tó wà nínú rẹ̀ tán, ìdípẹtà ló kù níbẹ̀. Bí ẹ bá dà á sínú oúnjẹ, ẹ ti ṣáná sí oko fúnra yín.

FÍTÁMÌ E INÚ IKE

Ohun kan wà tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀, èmi gan-an kò tètè mọ̀ ọ́n. Fítámì E tó wà nínú premix, wọ́n ti dì í lọ́nà kan tí afẹ́fẹ́ kò fi ní lè bà á jẹ́ nínú àpò. Inú ìfun adìẹ ló ti máa ń tú. Ìyẹn ni pé ó ń dáàbò bo ara adìẹ lẹ́yìn tó bá jẹ ẹ́ tán, kò dáàbò bo oúnjẹ tó wà nílẹ̀. Nítorí náà premix nìkan kò ní kí oúnjẹ yín má rùn.

Ìwé ìtọ́nisọ́nà NRC ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1994 ní ìwọ̀n 10 fún kílò oúnjẹ kan ni bróílà nílò. Ìyẹn kéré gan-an fún adìẹ tòde òní tó ń dàgbà kíákíá nínú ooru. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́ irú ọmọ adìẹ yìí ń dámọ̀ràn ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀. Ẹ ka ara àpò premix yín. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni èyí tí a ń fi 250 gíráàmù sí 100 kílò. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń bù ta nínú àpò tó ti ṣí láti àná. Ẹ kọ́kọ́ po ó mọ́ kílò àgbàdo lílọ̀ méjì kan, kí ẹ tó wá da ìyẹn sínú yòókù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ adìẹ kan á jẹ tiẹ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn.

OṢÙ ẸRẸ́NÀ

Ẹ̀yin náà mọ bí oòrùn ilẹ̀ Ìlọrin ṣe ń rí láti Èrèlé sí Igbe. Adìẹ kì í làágùn. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹnu ni yóò yà, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Irú ooru bẹ́ẹ̀ ń dá ìdípẹtà kan náà yìí sílẹ̀ nínú ara rẹ̀, nínú ẹran àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Adìẹ lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, àwa èèyàn kò lè ṣe é, ṣùgbọ́n bí ooru bá mú un, èyí tó ń ṣe kì í tó o mọ́.

Lásìkò yẹn, ẹ fi 25 gíráàmù fítámì C sí 100 kílò oúnjẹ, tàbí kí ẹ fi èyí tó ń tú nínú omi sí omi wọn bí ara ike rẹ̀ ṣe wí. Àárọ̀ ni kí ẹ po ó, kí wọ́n mu ún tán kí ọ̀sán tó pọ́n, nítorí kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú omi. Ẹ gbé oúnjẹ kúrò níwájú wọn láti bí aago mọ́kànlá títí di aago mẹ́rin. Omi tútù kò gbọdọ̀ tán. Bí ilé adìẹ yín bá jẹ́ páànù lásán, ẹ tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ tàbí koríko lé e lórí. Koríko yẹn lè ṣe yín láǹfààní ju gbogbo ewé tí mo ti kà sílẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pa adìẹ sínú fírísà láti tà fún Iléyá tàbí Kérésìmesì, ọ̀rọ̀ kàn yín náà. Ọ̀rá ara adìẹ rọ̀ ju ti màlúù lọ, ọ́síjìn sì ń tètè mú un, pàápàá ti itan. Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹran náà á máa yọ́, á máa dì, òórùn á bẹ̀rẹ̀. Fítámì E tó pọ̀ nínú oúnjẹ wọn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó pa wọ́n ń wọ inú ẹran lọ, ó sì ń fa òórùn yẹn sẹ́yìn. Kò ní sọ fírísà tí kò tutù di èyí tó tutù o.

Ohun kan ṣoṣo tó kù tí mo fẹ́ kìlọ̀ rẹ̀ ni èébu. Àgbàdo tàbí kúlíkúlí tó bá ti bu, májèlé aflatoxin lè wà nínú rẹ̀. Antioxidant kì í pa á. Mọ̀ríńgà kì í pa á. Kò rùn, ẹ kò sì lè fi ahọ́n mọ̀ ọ́n.

BÍ Ẹ ṢE LÈ DÁN AN WÒ FÚNRA YÍN

Fún òórùn oúnjẹ, èmi máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìgò tó gbẹ, màá dé e, màá gbé e sóòrùn fún wákàtí kan. Bí mo bá ṣí i, imú á sọ fún mi. Òórùn àgbàdo tuntun dùn. Tí ó bá dà bí ọ̀dà tí a fi ń kun ilé, tàbí bí epo àná, ẹ má fún wọn.

Fún ewé, ẹ má po ó fún gbogbo adìẹ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú ọmọ adìẹ tí ẹ rà lọ́jọ́ kan náà, ẹ pín wọn sí méjì, àádọ́ta níhìn-ín, àádọ́ta lọ́hùn-ún, ilé kan náà, omi kan náà. Ẹ fún ọ̀kan ní oúnjẹ tí ẹ ń po tẹ́lẹ̀, ẹ fún èkejì ní èyí tó ní mọ̀ríńgà kílò 2. Ẹ wọn mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wọn oúnjẹ tí wọ́n jẹ, ẹ ka èyí tó kú. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwé ọmọléèwé, kí ẹ mú un dání nígbà tí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ yín bá wá.

Bí ọrùn adìẹ bá yí, ẹ má fi ọrùn nìkan dájọ́. Lúkúlúkú náà ń yí ọrùn. Ẹ wo ìgbẹ́ wọn, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, ẹ gbọ́ òórùn oúnjẹ wọn, kí ẹ sì pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé oúnjẹ ni, ẹ gbé e kúrò lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé tuntun sí i, kí ẹ fi fítámì E àti selenium sí omi wọn. Èyí tó ti ṣubú kì í sábà dìde mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó kù á dúró. Oúnjẹ tó ti bàjẹ́ yẹn, ẹ má kó o fún ewúrẹ́, ẹ má dà á fún ẹja. Ẹ kó o sórí ààtàn, kí ẹ fi erùpẹ̀ bò ó, kó jẹrà di ajílẹ̀ fún ẹsẹ̀ mọ̀ríńgà.